Ẹ Má Tún Ilé Ṣe Kí Ẹ Lé Onílé

 

Àwọn baba wa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A máa ń fi òwe yìí tu ẹni tí òfò ṣẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lónìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ nípa ilé gan-an. Kí ló mú un dá àwọn baba wa lójú pé ààfin tó jó yóò tún lẹ́wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Iná ti jẹ igi, ó ti jẹ koríko òrùlé. Ohun tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni pé ọba ṣì wà, ìjòyè ṣì wà, agbẹ́gilére àti ọ̀mọlé ṣì wà, àwọn ará ìlú tí yóò ru amọ̀ wá sì wà pẹ̀lú. Iná mú ilé, kò mú onílé.

Ìgbàkígbà tí ògbólógbòó ilé kan bá wó ní Èkó ni ìbéèrè kan náà máa ń jáde: ṣé ó yẹ kí ìlú ńlá tí ń sáré bẹ́ẹ̀ máa ná owó lórí títún ilé àtijọ́ ṣe? Àwọn kan ní ilẹ̀ Èkó ti wọ́n ju kí a fi í sílẹ̀ fún ilé tí ń jò. Àwọn mìíràn ní ìlú tí kò ní ilé àgbà dà bí ọmọ tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn àwọn ẹni kejì yìí. Ó yẹ kí a tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n mo ní àfikún kan, òun sì ni gbogbo ohun tí mo wá sọ: ilé tí a bá tún ṣe, tí a sì lé àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ àti àwọn tí ń bọ inú rẹ̀ lọ, a kò tún un ṣe; osùn ni a fi kun òkú. Makoko ni mo sì fẹ́ fi wọn ọ̀rọ̀ náà, ibi tí ọkàn ẹnikẹ́ni kì í lọ nígbà tí a bá ń ka àwọn ilé ìtàn Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya Erékùṣù. Ilé kan wà ní ìta Tinúbú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ní ìlànà ilé àwọn Àgùdà. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ọgọ́ta ọdún ni ìkéde náà fi wà nínú ìwé. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé náà palẹ̀. Ariwo sọ, àwọn ìwé ìròyìn kọ, ṣùgbọ́n ògiri tó ti wó kò gbọ́ ariwo. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìkéde kì í gbé àjà ró. Ilé tí òfin sọ pé kò gbọdọ̀ yí padà, bí a kò bá ṣètò bí onílé yóò ṣe máa rí owó òrùlé àti owó ọ̀dà, ọjọ́ ló ń kà.

Ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Nínú ọgbà rélùwéè níbẹ̀, ilé alájà kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, tí a kọ́ ní 1898. Ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún un ṣe ní 2010, ó sì di ibi tí a ń kó ohun ìrántí rélùwéè sí. Mo yin iṣẹ́ náà. Ó fi hàn pé àwa náà lè tún ilé ṣe kí ó tún, láìdúró de òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ilé tí a kọ́ fún àwọn ọ̀gá rélùwéè ìjọba amúnisìn ni. Bí a bá lè rí owó, ìfẹ́ àti sùúrù fún ilé wọn, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a ní fún àwọn tó ń gbé etí omi ní àkókò kan náà.

Nítorí láti ibẹ̀ sí Makoko kò jìnnà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Àwọn apẹja Ègùn láti ìhà Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ ló tẹ Makoko dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn Ìlàjẹ náà wá bá wọn. Nígbà tí a ṣí afárá Third Mainland ní 1990, ó bá wọn níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń gba orí afárá náà kọjá lówùúrọ̀ yóò rí òrùlé páànù tó dúdú àti èéfín àwọn obìnrin tí ń yan ṣáwá, yóò sì ti gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ pa. Ohun tí kò rí ni ọgbọ́n tó gbé àwọn ilé náà dúró lórí omi. Òpó igi ni ẹsẹ̀ wọn, wọ́n rì í sínú ẹrẹ̀ ọ̀sà. Pákó ni ògiri wọn. Ọkọ̀ ọpọ́n ni wọ́n fi ń gba àárín ilé sí ilé. Omi a máa jẹ òpó. Bí ọ̀kan bá ti ń rà, wọ́n á ti òmíràn bọ abẹ́ ilé, àwọn ọmọ yóò sì máa sùn lórí rẹ̀. Òpó kan ń lọ, òpó kan ń bọ̀, ilé kò yẹsẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ igi tó fara da omi iyọ̀ àti èyí tí kò fara dà á. Ó mọ bí ẹrẹ̀ ṣe jìn tó kí òpó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó mọ àyè tí yóò fi sílẹ̀ láàárín ilé méjì kí ọkọ̀ lè kọjá. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, kò sí nínú ìwé kankan.

Ní oṣù Keje ọdún 2012, ìwé wákàtí 72 ni ìjọba ìpínlẹ̀ fún àwọn ènìyàn yìí kí wọ́n fi kó ẹrù wọn. Wọ́n gé àwọn ilé lẹ́sẹ̀, wọ́n ṣubú sómi. Kí iṣẹ́ náà tó dúró, ìbọn ti pa ọ̀kan nínú àwọn olórí àdúgbò náà. Ìlú kan náà tó ń ṣe ìpàdé lórí bí a ó ṣe tọ́jú ilé àtijọ́ ló ń fi ayùn gé òpó ilé àtijọ́. Àwa olórìṣà ní àdúrà kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Ó yẹ kí ìjọba náà máa gbọ́ àdúrà yìí.

Ẹnìkan yóò sọ pé, ‘Pákó lásán ni, kò sí ilé kan ní Makoko tó pé ogún ọdún, kí ni ti ìtàn nínú rẹ̀?’ Mo fẹ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ wo Japan. Ojúbọ ńlá kan wà ní Ise tí àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ wọn, Shinto, kà sí mímọ́ jù lọ. Ogún ọdún ogún ọdún ni wọ́n máa ń kọ́ ọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà, wọn á sì tú ti tẹ́lẹ̀ palẹ̀. Ní 2013 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìgbà kejìlélọ́gọ́ta. Igi rẹ̀ kì í dàgbà, ṣùgbọ́n kò sí ará Japan kan tí yóò pè é ní ilé tuntun. Ẹ wo Djenné ní Mali, tí gbogbo ìlú máa ń jáde lọ́dọọdún láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ mọ́sáláṣí wọn. UNESCO kò torí amọ̀ tuntun yìí sọ pé kò ní ìtàn. Kí ni a sì ń wá lọ sí ọ̀nà jíjìn? Ní ilé wa níbí, kí ọdún òrìṣà tó pé, àwọn obìnrin ilé a máa tún ògiri ojúbọ rẹ́, wọn a sì fi ẹfun àti osùn kùn ún lákọ̀tun. Bí ọ̀dà ọdún tó kọjá bá ṣì wà lára ògiri, ìtìjú ni, nítorí ó fi hàn pé kò sí ẹni tó rántí òrìṣà náà. Ohun tí a jogún nínú ilé ni ọwọ́ tó ń tún un ṣe àti ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe. Ẹni tó bá gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ onílé ti wó ilé, ì báà fi wúrà rẹ́ ògiri rẹ̀.

Èkó ti rí irú èyí rí. Ní 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ní 1955, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn agbo ilé àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Peter Marris tọ ipasẹ̀ wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961: àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà wọn, ìdílé fọ́nká, àwọn àgbà jìnnà sí ọmọ. Ilé tí wọ́n fún wọn ní Súrùlérè mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwa mọ ohun tí agbo ilé jẹ́. Inú agbo ilé ni egúngún ìdílé ti ń jáde, ibẹ̀ ni a ti ń ké sí àwọn tó ti lọ, ibẹ̀ ni ojúbọ tí àwọn ọmọ bàbá kan ń pín wà. Ta ni yóò gbé gbogbo èyí sínú yàrá méjì? Nígbà tí agbo ilé fọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa kò kọ òrìṣà sílẹ̀ nítorí ìwàásù. A kàn ṣàdédé rí i pé kò sí ibi tí a ó ti bọ ọ́ mọ́.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn nípa Makoko, n kò sì ní yí ojú kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ní omi abẹ́ ilé náà dọ̀tí. Òótọ́ ni, ìgbẹ́ àti pàǹtí ń bọ́ sínú omi tí àwọn ọmọdé ń wẹ̀. Wọ́n ní iná lè jó o láàárín wákàtí kan, àti pé èéfín ń pa àwọn obìnrin lójú. Òótọ́ ni. Wọ́n ní kò yẹ kí ènìyàn máa gbé abẹ́ wáyà iná ńlá. Òótọ́ ni pẹ̀lú. Òṣì kì í ṣe àṣà, ẹni tó bá sì ní kí a tọ́jú òṣì nítorí àwòrán tó dára ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ ènìyàn, a kì í bẹ́ orí náà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bá omi mu, omi mímu tó mọ́, èbúté, ilé ìwòsàn, ààrò tí kì í rú èéfín, àyè láàárín àwọn ilé kí iná má bàa ràn: àwọn wọ̀nyí ni àtúnṣe ilé ìtàn ní Makoko. Bí ilé díẹ̀ bá sì ní láti kúrò lábẹ́ wáyà, kí a fún wọn ní àyè mìíràn lórí omi kan náà, pẹ̀lú àdéhùn tí àwọn baálẹ̀ wọn bá wọn jókòó sí, kí ó tó di pé katapílà dé.

Kí a má sì rò pé ilé tó gbajúmọ̀ ni yóò gbà wá. Ní 2013, ilé ẹ̀kọ́ kan léfòó ní Makoko, tí Kúnlé Adéyẹmí ya àwòrán rẹ̀. Gbogbo ayé yìn ín. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2016, òjò ńlá kan rọ̀, ilé náà sì wó. N kò fi ẹni tó kọ́ ọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti gbìyànjú ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbìyànjú. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé òkìkí kì í pààrọ̀ òpó tó rà. Ilé tó máa pẹ́ ni èyí tí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe lọ́jọ́ kejì òjò.

Mo gbọ́ tí àwọn kan nínú wa ń sọ pé, ‘Kí ló kàn wá nípa Ègùn? Wọn kì í ṣe Yorùbá, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti di aláṣọ funfun.’ Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Gú wọn ni Ògún wa, Lẹ́gbà wọn ni Èṣù wa, Fá wọn ni Ifá wa. Sàngbétò tí ń ṣọ́ òru ní Àgbádárìgì àti ní Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí ohun tí àwọn baba tiwa ń ṣe. Ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń wí náà, Àjàṣẹ́ ni Oschoffa ti dá a sílẹ̀ ní 1947. Ọ̀nà omi kan náà ni òun àti àwọn apẹja ń gbà. Bí a bá ní kí ìjọba bọ̀wọ̀ fún ojúbọ tiwa, tí a sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń wó ilé aládùúgbò nítorí pé kò bọ òrìṣà, ẹnu wo ni a ó fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ó bá kàn wá?

Àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é bí ó ti yẹ wà. Ní Ọ̀ṣogbo, nígbà tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, dé igbó Ọ̀ṣun, ikán ti ń jẹ ojúbọ, àwọn kan sì ti ń gé igi ibẹ̀. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú, Adébísí Àkànjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lákọ̀tun ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Àwọn kan tilẹ̀ bínú sí i pé ó yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn abọ̀rìṣà kò kúrò níbẹ̀, Arugbá kò dẹ́kun gbígbé igbá lọ sódò, Ọ̀ṣun kò ṣàárẹ̀. Nígbà tí UNESCO kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ibi tí ẹ̀mí wà ni wọ́n kọ.

Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíl, Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Casa Branca. Ẹ̀yin mọ̀ pé oyè ìyálóòṣà Ṣàngó ní ààfin Ọ̀yọ́ ni Ìyá Nàsó. Ojú omi ni orúkọ náà gbà dé ọ̀hún pẹ̀lú àwọn tí a kó lẹ́rú. Ní 1984, ìgbìmọ̀ ohun àjogúnbá ilẹ̀ Bràsíl jókòó lórí bóyá ó yẹ láti kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Àwọn kan ṣiyèméjì, nítorí ilé náà kò ní òkúta gbígbẹ́ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Igi, ewé, ìsun omi àti ilé kéékèèké ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á wọlé níkẹyìn, òun ni ojúbọ àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú ọlá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ilé epo tó ti jókòó sí ara ilẹ̀ náà sì kúrò nígbẹ̀yìn. Ọmọ ẹrú gba ilẹ̀ ojúbọ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé epo. Àwa tí a kò kó lẹ́rú ń fi ojúbọ tiwa kọ́ ilé epo.

Mo ní láti sọ èyí tó kù, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ni ilé bàbá bàbá mi wà. Èṣù wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ojúbọ Ògún sì wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá kànga. Nígbà tí àwọn àgbà kú tán, àwa ọmọ ṣe ìpàdé mẹ́ta, a sì tà á. Kò sí ìjọba kan tó lé wa, kò sí katapílà tó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Èmi náà tọwọ́ bọ̀wé. Mo rò pé ẹni tó rà á yóò jẹ́ kí a wá gbé Èṣù. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, wọ́n ti kó yangí náà mọ́ àwókù bíríkì lọ. Ilé alájà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí. Owó ìpín mi kò pé ọdún kan kó tó tán. Nígbà mìíràn tí mo bá ń kọjá, mo máa ń dúró kí ẹnu ọ̀nà náà, aṣọ́bodè á sì béèrè ẹni tí mo ń wá. N kì í rí èsì fún un.

Nítorí náà, kí a tó nawọ́ sí ìjọba, kí a na díẹ̀ sí ara wa. Mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa, ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí a kọ orúkọ gbogbo ojúbọ àti agbo ilé tó kù ní agbègbè rẹ̀ sílẹ̀: ibi tó wà, ìdílé tó ni ín, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo ń bẹ àwọn olórí ìdílé kí wọ́n ya ilẹ̀ ojúbọ sọ́tọ̀ nínú ìwé ilé nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà láàyè, nítorí ìwé tí a bá ṣe lẹ́yìn ìsìnkú, ìwé títà ni. Mo sì ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe láti 2023, tí a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó rántí pé ọjọ́ ń fẹ́ ibi tí a ó ti ṣe é. Kí ó ran àwọn onílé àtijọ́ lọ́wọ́ láti tún ilé wọn ṣe kí wọ́n sì máa gbé inú rẹ̀. Kí ó ka Makoko mọ́ àwọn ohun ìrántí Èkó, kí ó sì pe àwọn agbẹ́kọ̀, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn obìnrin ibẹ̀ sí tábìlì nígbà tí a bá ń ya àwòrán àtúnṣe.

Nígbàkígbà tí wọ́n bá fi àwòrán ilé tí wọn yóò tún ṣe hàn yín, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ, ta ni yóò máa gbé inú rẹ̀? Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán: bí ènìyàn kò sí, òrìṣà kò sí. Kí Ọlọ́sà ṣọ́ àwọn tí ń sùn lórí omi lálẹ́ òní. Kí ilé wa má di àwókù lójú wa.

Ìṣẹ̀ṣe lágbà. Àṣẹ.